Òkun Gbé Bar Beach, Ènìyàn Gbé Èyí Tó Kù

Bí a bá dárúkọ Bar Beach fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni àwọn adigunjalè tí ìjọba ológun yìnbọn pa níbẹ̀ ní gbangba ní 1971, èyí tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí wọn. Àwọn tí ó fẹ́ràn ìwé eré mọ̀ ọ́n nítorí wòlíì Jero tí Wole Soyinka fi sí etí òkun. Ní ọdún tó kọjá, mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi kan léèrè pé ta ni ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn Bar Beach rí. Wọ́n ju ogójì lọ, kò sì sí ẹni tí ó nawọ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, apá ibo ni ó wà gan-an?"

Ìbéèrè náà dára ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ lọ. Ibi tí Bar Beach wà nígbà tí mo wà ní ọmọdé, omi ti gbé e lọ. Ibi tí ó wà nígbà tí mo di géńdé, ilẹ̀ tí à ń tà ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ. Olóòtú ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má kọ iṣẹ́ ìwádìí, ó ní ìyẹn pọ̀ jù nínú ìwé wa ti èṣí. Nítorí náà, ohun tí ojú mi rí ni n ó kọ, n ó sì fi ohun tí àwọn onímọ̀ nípa omi ti wọ̀n tì í lẹ́yìn níbi tí ó bá yẹ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú orúkọ. Etí òkun lásán ni àwọn àgbà ilé wa ń pe ibẹ̀. "Bar" tí òyìnbó fi síwájú rẹ̀ kì í ṣe ilé ọtí gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti rò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọtí kò wọ́n níbẹ̀. Òkìtì iyanrìn abẹ́ omi ni, èyí tí ó dábùú ẹnu ibi tí ọ̀sà Èkó ti ń bọ́ sínú òkun. Òkìtì yìí ni ó ń ṣe bí adènà fún Èkó láyé àtijọ́. Ọkọ̀ ńlá kò lè gorí rẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a lọ já ẹrù sílẹ̀ ní Forcados, ọkọ̀ kékeré ni yóò sì gbé ẹrù náà padà wá sí Èkó. Èrò tí ó ń ti ìlú òyìnbó bọ̀, inú nǹkan kan bí agbọ̀n ni wọ́n ń fi í sí, tí wọ́n á fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ kékeré, lójú ìgbì. Kì í ṣe iṣẹ́ ojo.

Ìjọba amúnisìn rí i pé owó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láàrin 1908 sí 1912, wọ́n to òkúta ràbàtà wọ inú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀sà, ọ̀kan ní ìwọ̀ oòrùn, ọ̀kan ní ìlà oòrùn, bí ìgbà tí ènìyàn na apá méjì. Láti Àró ní ẹ̀bá Abẹ́òkúta ni rélùwéè ti ń kó òkúta wá. (Àwọn ará Ẹ̀gbá lè fi èyí yangàn bí wọ́n bá fẹ́.) Omi tí ó ń gba àárín apá méjèèjì wá ń sáré, ó gbẹ́ òkìtì iyanrìn náà lọ, ọkọ̀ ńlá sì rí ọ̀nà wọ Èkó. Apapa di èbúté tí gbogbo ayé mọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé iṣẹ́ náà kò wúlò.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Ní etíkun tiwa, ìgbì kì í sábà dojú kọ ilẹ̀ tààrà. Láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni ó ti ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ó fi ń wọ ilẹ̀, nígbà tí ó bá sì ń padà, a máa fa iyanrìn díẹ̀ dání lọ sí ìhà ìlà oòrùn. Báyìí ni iyanrìn ń rìn lẹ́bàá òkun láti ìhà Àgbádárìgì wá, tọ̀sán tòru, láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò sí etíkun tí ó ní iyanrìn tirẹ̀. Èyí tí ó ń bọ̀ ni ó ń dí ààyè èyí tí ó ń lọ. Nígbà tí a wá na apá òkúta sínú òkun, arìnrìn-àjò yìí kò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ó kó jọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn níbi tí ilé iná wà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i. Ní ìhà ìlà oòrùn, níbi tí Bar Beach wà, òkun ń gbé iyanrìn lọ bí ìṣe rẹ̀, èyí tí yóò dí i kò sì dé. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún, etíkun tí ó sún mọ́ apá òkúta ìlà oòrùn ti sún sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ.

Nígbà tí a wà ní kékeré, ohun tí a ń gbọ́ ni pé òkun ń bínú. Àwọn kan ní ẹbọ ni kí a rú, àwọn mìíràn ní ààwẹ̀ ni kí a gbà. N kò bá àwọn tí ó ń bọ Olókun jà, ṣùgbọ́n n kò rò pé Olókun ni ó to òkúta.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti dàgbà ní àwọn ọdún 1970, ọjọ́ kejì Kérésìmesì àti ọjọ́ Ajé Àjíǹde sì ni ọjọ́ Bar Beach ní ilé wa. Láti òru ni àwọn ìyá wa yóò ti máa se ìrẹsì. Wọ́n á di mọ́ínmọ́ín sínú ewé, wọ́n á din dòdò, wọ́n á sì ka ègé adìẹ mọ́ iye orí wa, nítorí pé afẹ́fẹ́ òkun máa ń jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn gbàgbé pé òun ti gba tòun. Afárá Òmìnira ni a ó gbà kọjá sí Victoria Island, a ó fi ẹsẹ̀ rìn, àwọn àgbà ru ẹrù, àwa gbé ẹní. Bí a bá ti ń gbọ́ òkun tí a kò tíì rí i, eré ni.

Kí ni kò sí níbẹ̀? Ẹlẹ́ṣin ń bẹ tí yóò gbé ọmọdé sórí ẹṣin tí yóò sì fà á síwá sẹ́yìn. Alágbọn ń bẹ, onísúyà ń bẹ, oníyàwòrán ń bẹ tí yóò ní kí ìdílé dúró kí wọ́n kẹ̀yìn sí òkun. Àwọn aláṣọ funfun wà ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí pẹ̀lú agogo àti àbẹ́là wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń rìn níbi tí omi ti ń bo ẹsẹ̀. Ọmọ adájọ́ àti ọmọ alágbàfọ̀ jọ ń gbá bọ́ọ̀lù kan náà. Kò sí ẹnu ọ̀nà, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tí ó ń bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Ní Èkó tí ilẹ̀ gbogbo ti ní olúwa, ibẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ tí tálákà lè jókòó sí láti àárọ̀ di alẹ́ láìsí pé ó ra nǹkan.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin wà lára àwọn aláṣọ funfun yẹn. Màmá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n á fi ọ̀pá fa ìlà yípo sórí iyanrìn, wọ́n á wọ inú rẹ̀ láti gbàdúrà, àwa ọmọdé kò sì gbọdọ̀ kọjá ìlà náà. Ibì kan náà ni wọ́n máa ń fa ìlà yìí sí lọ́dọọdún, níwájú àwọn igi àgbọn mẹ́ta kan. Ọdún kan wá dé, bóyá 1978 tàbí 1979, tí a dé ibẹ̀ tí Màmá Àgbà dúró, tí wọn kò fa ìlà.

Mo ní, "Màmá Àgbà, ṣé kì í ṣe ibí ni?"

Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn wa ni àgbọn yẹn máa ń wà, ọmọ mi. Wò ó níwájú."

Lóòótọ́ ni. Méjì nínú igi náà ti ṣubú, èyí tí ó kù dúró sínú omi, gbòǹgbò rẹ̀ hàn síta bí irun. Lẹ́yìn ojú títì ni Màmá Àgbà ti wá gbàdúrà lọ́jọ́ náà, láàrin àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gúnlẹ̀. Bí ìjì bá jà láàrin oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ìgbà tí òkun máa ń ga jù, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ ni ó ń mú etíkun mọ́. A máa fi alẹ́ ọjọ́ kan gbé ohun tí ó ti ń wò láti ọdún kan.

Nínú Bíbélì àti nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa, iyanrìn etí òkun ni àpẹẹrẹ ohun tí a kò lè kà. Bar Beach ni wọ́n ti kà á. Láti 1960 títí di 1968, ẹ̀rọ kan wà lórí apá òkúta ìlà oòrùn tí ó ń fa iyanrìn láti inú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé, tí ó sì ń tú u sí etíkun, ó ju ìdajì mílíọ̀nù mítà kúbíìkì lọ lọ́dún. Mítà kúbíìkì kan ni iyanrìn tí yóò kún àpótí tí ó gùn ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì jìn ní mítà kan. Nígbà tí iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí dáwọ́ dúró, ó di kí a máa dúró títí ọ̀rọ̀ yóò fi le kí a tó ṣe nǹkan. Ní 1974 sí 1975, wọ́n da 3 mílíọ̀nù sí i. Ní 1981, wọ́n da 2 mílíọ̀nù. Ní 1985 sí 1986, 3 mílíọ̀nù. Ní 1990 sí 1991, 5 mílíọ̀nù. Òkun gba gbogbo rẹ̀.

Mo lọ wo èyí tí ó kẹ́yìn nínú àwọn tí mo kà yìí. Olùkọ́ kékeré ni mí nígbà náà. Páìpù kan tí ọmọdé lè rìn nínú rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ wá láti ojú omi, ẹnu rẹ̀ sì ń pọ omi dúdú pẹ̀lú iyanrìn, ó ń hó bí ẹ̀rọ ọlọ, ó ń rùn bí ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé e nítorí ìkarahun. Kátakátá ń tẹ́ ẹ lọ tẹ́ ẹ bọ̀. Nígbà tí ó gbẹ, ó funfun díẹ̀, etíkun sì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rò pé ọ̀ràn parí. Ìyá alágbọn kan tí mo rà lọ́wọ́ rẹ̀ wò mí bí mo ti ń yọ̀. Ó ní, "Tíṣà, ìgbà wo ni ẹ dé Èkó? Owó ìjọba ni òkun yìí ń jẹ, kì í jẹ iyanrìn."

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi iyanrìn dídà yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní dà á sí omi ni, pé kọ́ńtírátì ni wọ́n fẹ́ jẹ. N kò lè jẹ́rìí sí bí wọ́n ti náwó, ṣùgbọ́n n kò bá wọn fi iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí apá òkúta bá ti dí ọ̀nà mọ́ iyanrìn, a gbọ́dọ̀ máa bá a gbé e kọjá ni, lọ́dọọdún, títí lọ. Oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn. Ẹni tí ó jẹun lánàá kì í sọ pé oúnjẹ kò wúlò nítorí pé ebi ń pa òun lónìí. Ohun tí ó bàjẹ́ ni pé ọdún mẹ́rin márùn-ún ni a ń fi ebi pa etíkun kí a tó tún gbé àwo ńlá kan wá, omi yóò sì ti dé ojú títì.

Ohun kan tún wà tí n kò fẹ́ fò. Ní oṣù keje 1990, ní àkókò kan náà tí wọ́n ń ṣètò iyanrìn yìí, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó lé àwọn ará Màrókò kúrò nílé. Àwọn ènìyàn tí wọ́n lé jáde ni a ń kà sí nǹkan bí 300,000. Lára ìdí tí wọ́n fún wọn ni pé ibẹ̀ rẹlẹ̀ sí òkun, pé omi yóò bò ó. Mo mọ ẹni tí ó gbé mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lérí jáde níbẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n kún ilẹ̀ náà, wọ́n kọ́ ilé alájà sórí rẹ̀. Omi tí wọ́n ní ó ń bọ̀ kò ba àwọn tí ó ra ilẹ̀ náà lẹ́rù. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ tí aláṣẹ kan sọ pé òkun ń bọ̀, mo máa ń tẹ́tí kí n gbọ́ ta ni wọ́n fẹ́ kí ó ṣí kúrò.

Ní 2005, òkun fo etíkun kọjá, ó bo Ahmadu Bello Way. Ọkọ̀ kò lè kọjá, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ilẹ̀kùn, ẹja sì wà lójú títì. N kò lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n gbogbo Èkó ni ó ń sọ ọ́. Ní 2006, ẹ̀rù ti bà wọ́n tó láti fi òkúta kọnkéré tí wọ́n dà ní oríṣi ọwọ́ ọwọ́ dí ojú ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èrò tuntun jáde, wọ́n ní dípò kí a máa fi iyanrìn bọ́ òkun, kí a dá ilẹ̀ tí òkun ti jẹ padà, kí a kọ́ ògiri yí i ká, kí a sì kọ́ ìlú sórí rẹ̀. Ìlú náà ni Eko Atlantic. Ilẹ̀ tí wọ́n là kalẹ̀ fún un fẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́wàá mítà níbùú lóròó, ògiri rẹ̀ sì ni wọ́n ṣètò pé kí ó gùn tó kìlómítà 8.5. Ní oṣù kejì 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan àti Bill Clinton tí ó ti ṣe Ààrẹ Amẹ́ríkà rí wà níbi ayẹyẹ tí wọ́n fi ṣí i.

Kí a má parọ́ mọ́ ọn, ògiri náà lágbára. Láti ìgbà tí ó ti dúró, ìgbì kò wá fọ Ahmadu Bello Way bíi ti 2005 mọ́. Àwọn tí ó ní ilé àti iṣẹ́ ní Victoria Island sùn dáadáa, èmi náà sì ní àbúrò tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ó máa dé ibi iṣẹ́ láìwẹ odò. Bí a bá sì wo àwòrán ilẹ̀ àtijọ́, òótọ́ ni pé díẹ̀ nínú ibi tí wọ́n kún jẹ́ ilẹ̀ kí òkun tó jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ilẹ̀ náà ni ó ti jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kí òkun tó gbé e, etíkun ni, ibi ẹní àti mọ́ínmọ́ín. Nígbà tí a gbà á padà lọ́wọ́ òkun, kò padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó pàdánù rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí a gbé aṣọ tí ó ya fún aránṣọ, tí ó rán an, tí ó rán an dáadáa pàápàá, tí ó sì wọ̀ ọ́ lọ. Ìgbà tí omi jẹ etíkun, a sunkún, a kọ̀wé sí ìwé ìròyìn, àwọn gómìnà wá wò ó pẹ̀lú bàtà rọ́bà. Ìgbà tí àtúnṣe gbé etíkun lọ, àtẹ́wọ́ ni a pa. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Bar Beach lọ, àti pé ti ẹ̀ẹ̀kejì ni kò ní ẹlẹ́rìí.

Ẹni tí ó gbé adìẹ òtòṣì, ó gbé ti aláròyé, bẹ́ẹ̀ ni a máa ń wí. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò gbọ́ àròyé náà púpọ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin kó ẹṣin wọn lọ sí ìhà Lẹ́kì. Àwọn aláṣọ funfun tẹ̀ lé etíkun lọ síbi tí wọn kò bá tíì lé wọn. Àwọn ìdílé tí ó fẹ́ ṣe ọdún létí omi ń sanwó ẹnu ọ̀nà ní àwọn etíkun tí wọ́n fi ọgbà yí ká, bàbá tí ó ní ọmọ márùn-ún yóò sì ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó jáde nílé. Àwọn olówó etíkun náà kò fi bẹ́ẹ̀ bọ́ nínú rẹ̀, nítorí ní 2024, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ńlá tí yóò gba etíkun láti Èkó dé Calabar, kátakátá wó díẹ̀ nínú tiwọn náà.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Kí ni wọn ìbá tún ṣe? Ṣé kì í ṣe ìlú ni à ń tà kí a tó rí owó fi kọ́ ògiri?" Mo ti bi ara mi bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí n rò pé ọ̀nà mìíràn wà ni ohun tí mo rí lẹ́bàá omi mìíràn. Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, nígbà tí mo sì lọ kí i ní ìgbà ooru 2025, ó mú mi lọ sí etí adágún Michigan, ní apá àríwá ìlú Chicago, níbi tí etíkun ìjọba kan wà tí wọ́n ń pè ní Illinois Beach State Park. Adágún lásán ni wọ́n ń pe omi náà, ṣùgbọ́n ojú kò rí òdìkejì rẹ̀, ìgbì rẹ̀ sì ń fọ́ bíi ti òkun. Mo tọ́ ọ wò. Kò ní iyọ̀.

Ìtàn ibẹ̀ jọ tiwa débi pé mo rẹ́rìn-ín. Àríwá ni iyanrìn ti ń rìn lọ sí gúúsù níbẹ̀, àwọn èbúté tí wọ́n kọ́ sí etí omi sì dí i lọ́nà. Omi adágún náà kì í dúró lójú kan: ní oṣù kìíní 2013, ó lọ sílẹ̀ ju bí wọ́n ti rí i rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, nígbà tí yóò sì fi di 2020, ó ti ga débi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ti ìgbàkígbà lọ. Bí omi bá ga báyìí tí ìjì ìgbà òtútù wá jà, ilẹ̀ ni yóò máa já lulẹ̀. Etíkun náà fẹ́ tán. Wọ́n wá kó òkúta jọ sínú omi ní òkìtì òkìtì, méjìlélógún, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ láàrin wọn kí omi lè máa gbà á kọjá, kí ìgbì sì lè rẹ̀ kí ó tó dé ilẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n da iyanrìn tí ó lé ní 300,000 mítà kúbíìkì sí ẹ̀yìn òkúta náà. Wọ́n parí rẹ̀ ní 2024, ó sì ná ìpínlẹ̀ náà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 73 dọ́là. Ohun tí wọ́n rí gbà nínú gbogbo rẹ̀ kò ju etíkun lọ. Wọn kò kọ́ ilé sórí rẹ̀. Ọjọ́ tí a lọ, àwọn ìdílé tẹ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n ń sun ẹran, àwọn ọmọ wọn ń gbẹ́ ihò sínú iyanrìn tí ìjọba rà.

N kò sọ pé adágún le tó òkun wa, kò le tó o. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé owó wa tó tiwọn. Iyanrìn tiwọn náà yóò sì máa fẹ́ àfikún. Ohun kan ṣoṣo ni mo mú bọ̀ níbẹ̀, pé a lè tún etíkun ṣe kí ó sì tún jẹ́ etíkun. Kí wọ́n tó da òkúta kan, wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n ń tún un ṣe fún. Èmi kò rántí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni bi àwa ará Ìsàlẹ̀ Èkó léèrè.

Nípa òkun tiwa, ebi iyanrìn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò kú. Ó kàn ṣí lọ síwájú ni. Ní oṣù kẹjọ 2012, òkun ya wọ Kúrámọ̀ ní òru, ó sì pa ènìyàn nínú àwọn tí ó ń gbé inú ahéré etí omi. Àwọn tí ó ń gbé ní ìhà ìlà oòrùn ní ilẹ̀ tí wọ́n kún sínú òkun ni ó ń ta ìgbì sí àwọn, àwọn tí ó kún un sì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti to òkúta wọ inú òkun ní ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà yẹn láti fi dá iyanrìn dúró. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ń fọkàn bá mi bọ̀ láti 1908 yóò mọ ohun tí òkúta bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe fún ẹni tí ó wà lápá ìlà oòrùn èyí tí ó kẹ́yìn.

Ní ìsinmi tó kọjá, mo kó akẹ́kọ̀ọ́ méjì dání lọ sí Òkun Alfa, ní ìhà Lẹ́kì. Kì í ṣe nítorí òkun ni a ṣe lọ. Orúkọ ibi ni à ń kó jọ fún ẹ̀ka wa, irú iṣẹ́ tí ẹ̀yin ọlọ́dún kẹta mọ̀ dáadáa: orúkọ, ìtumọ̀, ẹni tó sọ ọ́, ibi tí ó wà. Bàbá àgbàlagbà kan gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí a jókòó, a ní a ó dúró. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárúkọ àwọn ibi tí ó mọ̀ ní ìlú náà láti ìgbà èwe rẹ̀. Bàbá kò wo ẹ̀yìn síbi tí àwọn ilé wà. Iwájú ni ó nawọ́ sí.

"Ṣé ẹ rí ibi tí omi ti ń funfun yẹn? Títì ni ibẹ̀. Ẹ wá sún ojú díẹ̀ sọ́tùn-ún. Ibẹ̀ ni a ti ń ta ẹja."

Ọmọbìnrin tí ó mú ìwé lọ́wọ́ bojú wò mí. Ó ní, "Sà, kí ni kí n kọ sí ibi tí ó wà?"

Mo ní kí ó kọ ohun tí Bàbá bá sọ. Bàbá ní kí ó kọ "inú òkun." Ó kọ ọ́. Orúkọ kejì, ó kọ ọ́, ẹ̀kẹta, ó kọ ọ́. Nígbà tí ó fi máa di ẹ̀keje, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí fi àmì kan náà fà á wá sí ìsàlẹ̀. Orúkọ mọ́kànlá ni a gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwé náà wà nínú àpótí ẹ̀ka wa, ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó lè wá béèrè lọ́wọ́ mi.